Wọ́n ń fi òdòdó ṣe kànga lọ́ṣọ̀ọ́ ní Derbyshire: ṣé omi ni wọ́n ń bọ?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ dé abúlé Tissington ní Derbyshire, ní ilẹ̀ England, ẹ bá kànga tí wọ́n fi òdòdó to àwòrán Bíbélì sí lẹ́yìn, àlùfáà ń gbàdúrà níbẹ̀, ẹ wá ń béèrè bóyá omi ni àwọn òyìnbó náà ń bọ. Rárá o. Ọpẹ́ omi ni wọ́n ń dá.

“Well dressing” ni wọ́n ń pe àṣà yìí, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn “well” náà kì í ṣe kànga tí a gbẹ́. Ìsun ni. Irú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ló kún abẹ́ ilẹ̀ àgbègbè yẹn. Bí òjò bá rọ̀, omi a rì wọlẹ̀ lọ, orí ilẹ̀ a gbẹ. Ẹni tó bá ní ìsun tí kì í gbẹ níbẹ̀, ó rí nǹkan dúpẹ́ fún. Àwọn kan ní àjàkálẹ̀ àrùn 1348 sí 1349 ló yẹ̀ lórí Tissington nítorí omi wọn mọ́. Àwọn mìíràn ní ọ̀dá 1615 ni, tí omi gbẹ níbi gbogbo àfi lọ́dọ̀ wọn. Ti ọ̀dá yìí ló wọ̀ mí létí jù.

Ẹ wo ohun tó jẹ́ kó dá mi lójú pé ọpẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú Wirksworth ní Derbyshire kan náà ní 1827, tí abúlé Youlgreave níbẹ̀ náà rí tirẹ̀ ní 1829, ẹnu ẹ̀rọ ni wọ́n lọ fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ibi tí omi bá ti wá bá wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dúpẹ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló wú mi lórí jù. Wọ́n á ri pákó sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á po amọ̀ pọ̀ mọ́ iyọ̀, wọ́n á rẹ́ ẹ sórí rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ bébà tí wọ́n ya àwòrán sí lé e, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún un tẹ̀ lé ilà kó lè hàn lára amọ̀. Hóró kọfí tàbí èso dúdú igi alder ni wọ́n fi ń to etí àwòrán. Ìgbà yẹn ni ewé òdòdó tó kàn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, èyí òkè ń gun èyí ìsàlẹ̀ bí páànù orí ilé, kí òjò lè ṣàn kọjá lára rẹ̀. Tèwe tàgbà ló ń jókòó tì í.

Ọjọ́bọ̀ Ìgòkè-re-ọ̀run Jésù ni ti Tissington máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti ìsun kan dé òmíràn, mẹ́fà ni wọ́n, àlùfáà á sì súre fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abúlé mìíràn ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, títí wọ oṣù kẹsàn-án. Bí ẹ bá tún fẹ́ lọ, ẹ tètè lọ, torí láàárín ọ̀sẹ̀ kan amọ̀ a ti máa sán, òdòdó a sì ti ṣá.