Mo bì ní jíìmù, ṣé kí n padà lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 46 ni mí, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Àbújá. Àjà kẹta ni ọ́fíìsì wa wà, tí mo bá fi máa gòkè débẹ̀, màá ti máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ sí jíìmù kan tí wọ́n ti ń ṣe HIFT, eré ìdárayá líle tí gbogbo ara ń ṣe pọ̀. Wọ́n á gbé irin, wọ́n á fò, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á dìde, kò sí ìsinmi. Kò tó ìṣẹ́jú 10 tí ojú mi fi ṣú, mo sì bì. Ìyàwó mi ní n kò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́, pé ọkàn mi máa dáṣẹ́ sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?
Bàbá Ìbejì, Kubwa

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ewu. Ohun tí kóòṣì yẹn ṣe dùn mí. Kò bi yín ní nǹkan kan, ó kàn jù yín sáàárín àwọn tó ti mọ eré náà. Ẹ̀rù tó ba ìyàwó yín tọ́. Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé kí ẹ jókòó sílé, torí ọkàn tó ń bá àtẹ̀gùn jà ní 46 nílò iṣẹ́.

Ẹ wo àwọn mai ruwa, àwọn tó ń ta omi, ní Kubwa yín: wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè. Irú iṣẹ́ yẹn gan-an ni HIFT, gbogbo ara ló ń ṣe é pọ̀. Mai ruwa tó ń kó kẹ́ẹ̀gì 10 lẹ́ẹ̀kan kò ní pààrà tó ẹni tó ń kó 5. Bí ọkàn ṣe rí náà nìyẹn. Tí ẹ bá ń ṣeré déédéé, ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde nígbà kan tó bá lù á pọ̀ sí i, kò sì ní máa yára lù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ tí ẹ bá ń sinmi. Iṣan ẹsẹ̀ pàápàá á mọ ọ́síjìn lò.

Àmọ́ ara tiyín la fi ń wọn líle, kì í ṣe ti kóòṣì. Tí ẹ bá lè kọrin, eré yẹn rọ̀. Tí ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí orin kò ṣeé kọ, ó wà níwọ̀n. Tí ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta péré bá ń jáde kí ẹ tó mí, ó ti le nìyẹn. Fún yín báyìí, àtẹ̀gùn ọ́fíìsì ti le tó.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Tó bá tó 140/90, dókítà ló kàn, kì í ṣe jíìmù. Bí ẹ bá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi atenolol tàbí propranolol, ẹ má fi iye ìgbà tí ọkàn ń lù wọn eré yín, torí oògùn náà ń dì í mú. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, iye tó kéré jù tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí àgbàlagbà máa ṣe. Ẹ ṣe é kí oòrùn tó mú, pàápàá ní oṣù kẹta àti ìkẹrin. Tí eruku ọyẹ́ bá pọ̀, ẹ ṣe é nínú ilé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ẹ fi ọjọ́ 2 kún un: ẹ jókòó sórí àga kí ẹ dìde, ẹ ti ògiri, 20 ìṣẹ́jú àáyá iṣẹ́, 40 ìsinmi.

Mo fẹ́ kí ẹ fetí sí èyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi lọ́jọ́ kejì tó kọ́kọ́ ṣe irú eré yìí. Itan rẹ̀ wú, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kóòkì, ó rò pé zobo tó mu ni. Iṣan rẹ̀ ló ń bàjẹ́ tó ń dà sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n fa omi sí i lára ní ilé ìwòsàn. Tí ẹ bá rí irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí tí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí ẹ dákú, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Tí ẹ bá máa padà sí jíìmù, ẹ mú ìyàwó yín dání. Kí ó gbọ́ ohun tí kóòṣì máa sọ nígbà tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ sinmi. Bí kò bá gbà, ẹ wá kóòṣì mìíràn.