Èsì: Ṣé Armstrong ni èèyàn àkọ́kọ́ tó dé gbalasa òfuurufú?

Rárá o, ọ̀rẹ́ mi, Neil Armstrong, ará Amẹ́ríkà, kọ́. Òṣùpá ni òun kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀, ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, ọdún 1969. Orúkọ rẹ̀ ló kàn ròkè jù, ìyẹn ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú.

Yuri Gagarin, ará Soviet Union, ló ṣáájú gbogbo wọn. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, ọdún 1961 ló wọ ọkọ̀ Vostok 1, tó yí ayé po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo ìrìn àjò náà ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 108 lọ. Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni bó ṣe balẹ̀. Kò bá ọkọ̀ rẹ̀ balẹ̀ o! Nígbà tó ku bíi kìlómítà 7 kí ọkọ̀ kanlẹ̀, ìjókòó rẹ̀ ta á jáde, ó sì fi páráṣúùtì sọ̀kalẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn aláṣẹ Soviet fi èyí pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí òfin àgbáyé lórí irú àṣeyọrí bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn ni pé awakọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ títí dé ilẹ̀ kí wọ́n tó ka àṣeyọrí náà sí i lọ́rùn. Lójú tèmi, ìyẹn ò bu iyì rẹ̀ kù rárá.

Kí Gagarin tó lọ, Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ (ẹ̀rọ tó ń yí ayé po lókè), ti lọ ní 1957. Ajá kan tó ń jẹ́ Laika tẹ̀ lé e lọ́dún yẹn kan náà (kò padà bọ̀, ó ṣeni láàánú). Lẹ́yìn Gagarin, Valentina Tereshkova ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé gbalasa òfuurufú, ní 1963. Ní 1965, Alexei Leonov, ará Soviet bíi ti Gagarin, jáde síta ọkọ̀ rẹ̀ ní gbalasa òfuurufú, àmọ́ aṣọ rẹ̀ wú débi pé ó ní láti tú lára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù kó tó lè rá padà wọlé.