Mo fi Debian (ẹ̀yà Linux kan) sórí laptop mi, Wi-Fi kò sì jáde rárá. Ṣé draifa (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo káàdì Wi-Fi) ni?

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ draifa. Kọ́kọ́ ṣí terminal (ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ), kó o tẹ `rfkill list`, á sọ bóyá ohun kan ti pa Wi-Fi. Tó bá gbé "Soft blocked: yes" jáde, `sudo rfkill unblock wifi` ti tó. "Hard blocked: yes" ńkọ́? Bọ́tìnì kan lára laptop náà ló sábà máa ń pa á, àṣẹ kankan kò lè tan án.

Bí kò bá sí èyí tó dí i, tẹ `lspci -nnk`, kó o wo abẹ́ "Network controller". Tó o bá rí "Kernel modules: iwlwifi" níbẹ̀ àmọ́ tí kò sí "Kernel driver in use", draifa wà nílẹ̀, firmware (ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú káàdì náà fúnra rẹ̀) ló ṣeé ṣe kó sọnù. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, wọ́n á máa wá draifa kiri lásán. `sudo dmesg | grep -i firmware` á dárúkọ fáìlì tí kò rí.

Káàdì Intel ni iwlwifi wà fún, package tó ń jẹ́ firmware-iwlwifi lo máa fi sí i. Láti Debian 12, abẹ́ non-free-firmware, ìpín kan níbi tí Debian ń kó àwọn package sí, ló wà. Tún ẹ̀rọ náà tàn lẹ́yìn náà. Tí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì, fi wáyà USB so fóònù mọ́ ọn, kó o tan USB tethering, kí laptop lè lo íntánẹ́ẹ̀tì fóònù náà.