Morris Minor 1966: táyà wo ni kí ẹ fi sí i?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní wọ́n sọ fún yín pé ọkọ̀ àtijọ́ Morris Minor 1966 tí ẹ rà ní Kent nílẹ̀ England ò ní jẹ́ ojúlówó mọ́ bí ẹ bá fi radial (táyà tí okùn inú rẹ̀ gba ìbú kọjá tààrà) sí i. Ẹ má dá wọn lóhùn jàre. Lóòótọ́, cross-ply (táyà àtijọ́ tí okùn inú rẹ̀ dábùú ara wọn) ìwọ̀n 5.20-14 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ látilẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ Rover 2000 tó jáde lọ́dún 1963, orí radial ni wọ́n ti gbé e jáde. Radial kì í ṣe àjèjì láyé ìgbà yẹn.

Èmi náà ti ṣe agídí yẹn rí. Cross-ply méjì ni mo rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń pàtẹ ẹrù ọkọ̀ àtijọ́. Ojú wọn ò jẹ rárá, inú mi dùn, mi ò sì yẹ ẹ̀gbẹ́ wọn wò. Lójú títì A2 ni táyà ẹ̀yìn lápá òsì bẹ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò tẹ èkejì, ó sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Èmi tí mo máa ń bá wọn nílé jà nítorí táyà tòkunbọ̀, mo wá fowó gidi ra èyí tó ju àkọ́bí mi lọ!

Ẹ wo nọ́ńbà tó parí ìlà DOT, àmì tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Bó bá jẹ́ mẹ́ta péré, ó ti wà ṣáájú ọdún 2000, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Radial ìwọ̀n 145/80 R14 ni mo ń lò báyìí. Cross-ply a máa tẹ̀lé gbogbo ìlà tí ọkọ̀ ńlá ti tẹ̀ sójú ọ̀dà, ọwọ́ èèyàn kì í sinmi lórí sítíárìn. Bó bá sì dúró sójú kan mọ́jú nínú òtútù, gbù-gbù-gbù ni yóò máa ṣe títí yóò fi gbóná. Ní ti radial, sítíárìn rẹ̀ a máa le díẹ̀ tí ẹ bá ń páàkì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ìpàtẹ nìkan lẹ fẹ́ máa gbé ọkọ̀ lọ, ẹ lo cross-ply, ó rẹwà lóòótọ́.

Ẹ má ṣe fi radial síwájú kí ẹ fi cross-ply sẹ́yìn láé. Ìdí ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ̀ ní kọ́ọ̀nà, òfin Britain pàápàá ò gbà á.

Ríìmù tèmi ti dípẹtà, ìyẹn ni mo ṣe ń lo tíúbù. Bí tiyín náà bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó ki tíúbù bọ̀ ọ́, ẹ fọwọ́ wá inú táyà, kí ẹ sì ṣí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Bébà tó wà nínú tèmi ha tíúbù títí ó fi lu, lóṣù kejì tí mo fi sí i ni.