Ìbọn Wo Ni Kí N Fi Dẹ Àgbọ̀nrín?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, Texas ni mo ń gbé, mo sì ti gba ìwé-àṣẹ ọdẹ. Nínú ìbọn tí ń yin ọta .308 Winchester àti èyí tí ń yin ọta 6.5 Creedmoor, èwo ni ó yẹ mí?

Ìdáhùn: Bí ẹ kò bá ní yìn ín kọjá 200 mítà, àwọn méjèèjì tó àgbọ̀nrín pa. Ọta .308, tí ó ti wà láti 1952, sábà máa ń wúwo jù, ṣùgbọ́n ó máa ń gbá èjìká, ẹni tí ó bá sì ń dijú kí ó tó yìnbọn kò ní bá ẹran. Creedmoor ni èmi fara mọ́, nítorí ọta rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ kì í sì í tètè darí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìbọn náà sí èjìká nínú ṣọ́ọ̀bù: bí ẹ bá ń na ọrùn kí ojú yín tó bá awò tí a fi ń wo ẹran lórí rẹ̀ mu, ìdí ìbọn náà, tí ó ń kan èjìká, ti gùn jù fún yín.