Ẹ Bi Wá: Pónì Kì Í Ṣe Ọmọ Ẹṣin

*Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Láti ìgbà tí ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti rí àwọn ẹlẹ́ṣin ní Ojúde Ọba, ìwé ẹṣin nìkan ló ń béèrè. Mo ra méjì fún un lọ́wọ́ oníwèé tòkunbọ̀. Ó bi mí pé kí ni wọ́n ń pè ní "pony", mo ní ọmọ ẹṣin ni. Ó kàwé dé àárín, "ọmọ ẹṣin" yẹn bímọ! Ó wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Níbo ni mo ti ṣì í? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ìyá wa, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń ṣì í. Pónì kì í ṣe ọmọ. Irú ẹṣin tí kì í ga ni. Ẹ fi ewúrẹ́ ilé wa tó kúrú lẹ́sẹ̀ wé èyí tí wọ́n ń kó bọ̀ láti Òkè Ọya. Ẹnikẹ́ni kì í pe tiwa ní ọmọ ewúrẹ́ nítorí pé ó kúrú. Bí pónì bá dàgbà, tó bímọ nígbà mẹ́wàá, pónì náà ni. Ọmọ ẹṣin ni ìwé ń pè ní "foal". Bó bá jẹ́ akọ, "colt", bó bá jẹ́ abo, "filly".

Ìwọ̀n ló pààlà. "Hand" ni àwọn ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń wọn ẹṣin, ìnṣì mẹ́rin sì ni hand kan. Láti ilẹ̀ dé gegele èjìká, níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn, ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n dé. Wọn kì í wọ̀n ọ́n dé orí, nítorí orí ẹṣin kì í dúró sójú kan. Èyí tí kò bá ju 14.2 lọ, pónì ni. Ẹ ṣọ́ra fún àmì tó wà láàárín yẹn o! Hand 14 àti ìnṣì 2 ni, ìyẹn ìnṣì 58, bíi sẹ̀ǹtímítà 147. Ẹ lè rí 13.3 nínú ìwé, àmọ́ bí ẹ bá rí 13.5, ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ohun tó ń sọ: tí ìnṣì bá ti pé mẹ́rin, ó ti di hand mìíràn.

Bó bá jẹ́ àwòrán lẹ fẹ́ fi mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ẹṣin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ti ìyá rẹ̀: gbọọrọ gbọọrọ, ara kékeré lókè rẹ̀, gọ̀gọ̀ kúkúrú tó rí wúruwùru. Pónì ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ kúkúrú, ikùn rìbìtì, ọrùn kíki, gọ̀gọ̀ tó bo ojú. Ayàwòrán tí kò mọ ẹṣin á kàn ya ẹṣin ńlá, á sún un kéré. Ẹ fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Bí ẹ bá ń sọ ìtàn náà fún un ní Yorùbá, ẹ pè é ní pónì. "Ẹṣin kékeré" á tún dà á rú ni.

*Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, bẹ̀rẹ̀ Black Beauty, ó sì pa á tì. Ó ní òun kò mọ ẹṣin tó ń sọ̀rọ̀ mọ́, pé wọ́n ti ń pè é ní Jack. Ó tún sunkún lálẹ́ ọjọ́ kan. Ṣé ìwé náà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ ni? — Bàbá kan, Ṣágámù*

Kò jù ú bí ẹ bá jókòó tì í. Anna Sewell kò kọ ọ́ fún ọmọdé rárá ní 1877. Àwọn tó ń fi ẹṣin ṣiṣẹ́ ló ń bá wí, kí wọ́n yé fìyà jẹ ẹ́. Ẹṣin ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀, bó sì ti ń bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá tuntun ni orúkọ rẹ̀ ń yí. Kí ọmọ fi pépà kan sínú ìwé, kó máa kọ ọ́ síbẹ̀: Black Beauty, Black Auster, Jack, àti ọ̀gá tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyẹn tán.

Ẹkún ńkọ́? Orí 2 ní ikú ènìyàn àti ẹṣin. Ní orí 40, wọ́n gbé òkú ẹṣin kan kọjá, Black Beauty sì gbà pé Ginger ọ̀rẹ́ òun ni. Ẹ ka méjèèjì ṣáájú ọmọ, àmọ́ ẹ má fò wọ́n. Iṣẹ́ àṣekú ló sọ Ginger di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìwé náà wà.

Ohun tó ṣeé ṣe kó má yé e ni okùn tí wọ́n fi ń fa orí ẹṣin sókè, kó lè máa yan bí ọlọ́lá. Ẹṣin tó ń fa ẹrù gun òkè gbọ́dọ̀ tẹ orí ba kó tó lè fi èjìká tì í. Okùn yìí kì í jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ti ọmọlanke gun ibi tó ga díẹ̀, kó gbé àgbọ̀n sókè. Kò ní béèrè mọ́.

Orí 49 ni ojúlówó rẹ̀ ní. Bí ìwé yín kò bá pé bẹ́ẹ̀, wọ́n ti gé e. Odindi rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá parí èyí, ẹ wá King of the Wind ti Marguerite Henry, 1948, fún un. Agba ni ọmọ Mòrókò tó ń tọ́jú ẹṣin inú rẹ̀ ń jẹ́. Kì í ṣe àgbà tiwa o.

*Ṣé ẹṣin ìgbẹ́ inú ìwé wọ̀nyí, ẹran ìgbẹ́ ni lóòótọ́? Kí ló dé tí kò sí nínú igbó wa? — Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ìperu*

Mustang ti Amẹ́ríkà, ẹṣin ilé tó di tìgbẹ́ ni. Àwọn ará Spéènì ló kó baba ńlá wọn débẹ̀. Èdè Spéènì ni orúkọ náà ti wá, ẹran tó ṣáko lọ ló túmọ̀ sí. Òfin ti ń dáàbò bò wọ́n láti 1971. Bákan náà ni ti àwọn pónì erékùṣù Assateague ní Amẹ́ríkà: lóṣù Keje, àwọn panápaná Chincoteague, ìlú òdìkejì omi, á dà wọ́n lúwẹ̀ẹ́ kọjá omi, wọ́n á ta lára àwọn ọmọ wọn, ìyókù á padà. Ẹṣin Przewalski ti Mòǹgólíà ló sún mọ́ ẹran ìgbẹ́ jù. Gọ̀gọ̀ rẹ̀ dúró ṣánṣán bí irun búrọ́ọ̀ṣì. Ó parẹ́ nínú ìgbẹ́ ní àwọn ọdún 1960, wọ́n sì dá irú rẹ̀ padà síbẹ̀ ní 1992.

Ní tiwa, eṣinṣin tsetse ni kò jẹ́. Ó ń gbé kòkòrò sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, ẹran náà á máa rù títí á fi kú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá kọ ìtàn agbo ẹṣin tó ń gbé inú igbó Rẹ́mọ, ẹ lo bírò pupa.

*Kíláàsì wa fẹ́ fi Yorùbá ṣe ìwé ẹṣin tirẹ̀. Báwo la ṣe máa ṣe é? — Olùkọ́ mìíràn, Ìkẹ́nnẹ́*

Pépà A4 mẹ́jọ, tí ẹ ṣẹ́ po sí méjì, ojú ìwé 32 nìyẹn. Páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni èèpo.

Àwòrán ló máa ń bàjẹ́ jù. Oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ọmọdé ń pè ní orúnkún, gìgísẹ̀ ni, ẹ̀yìn ló kọjú sí. Ẹni tó gun ẹṣin kì í jókòó sítòsí ìrù. Ẹ̀yìn èjìká ni. Etí ẹṣin tó ń bínú á lẹ̀ mọ́ orí, ṣùgbọ́n ọmọ á ya etí ṣánṣán, á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé inú ń bí i!

Sítépílà kékeré kì í dé àárín, ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an. Ẹ má fi sítáàṣì lẹ̀ ẹ́, aáyán á jẹ ẹ́. Ẹ lu ihò mẹ́ta sójú ìṣẹ́po. Ẹ ti abẹ́rẹ́ jáde láti inú gba ihò àárín, ẹ wọlé padà láti ihò òkè, ẹ fò àárín, ẹ jáde ní ìsàlẹ̀, kí ẹ wá wọlé láti àárín. Inú ni etí òwú méjèèjì á wà. Ọ̀kan lápá ọ̀tún òwú gígùn tó nà láti ihò òkè dé ti ìsàlẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, kí ẹ tó so wọ́n. Bí kókó bá bọ́ síta, ọwọ́ ọmọ ni yóò kọ́kọ́ tú u.