NIN kọ́ ló ń sọ èèyàn di ọmọ Nàìjíríà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, lọ́yà. Obì ni mò ń tà ní Sàgámù. Ọmọkùnrin kan wà tó ń bá mi di apẹ̀rẹ̀. Sábó níbí ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Kàtsínà ni bàbá rẹ̀ ti wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn agbófinró sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti ní NIN, kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, pé ará orílẹ̀-èdè Niger ni. Ìgbà tí mo fowó ránṣẹ́ ni wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ẹnì kan ti wá ní òun á bá a ṣe NIN lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní 15,000 náírà, ká kàn kọ ọ́ pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá rẹ̀, kí wọ́n má baà yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ṣé kí n san án? Ṣé gbogbo èyí sì tọ́, nítorí pé wọ́n ní ọ̀rọ̀ ààbò ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ má baà ti sanwó tán kí ẹ tó kà á dé ìsàlẹ̀.

Lẹ́tà yín gùn ju bí wọ́n ṣe gé e sókè yìí lọ, mo sì jẹ́wọ́ pé mo fo ibi tí ẹ ti ń ṣàlàyé bí obì ṣe gbówó lórí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló dá mi dúró: “níwọ̀n ìgbà tí kò ti ní NIN, kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà.” Ẹ̀yin lẹni kẹfà tí yóò sọ ọ́ fún mi lọ́dún yìí bí ẹni pé inú ìwé òfin ló ti rí i. Kò sí níbẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ fún ọmọ yẹn lójú títì, bóyá kò mọ òfin tó ní òun ń ṣọ́, bóyá ó mọ̀ ọ́n, owó ló ń wá.

Kí ni NIN? Nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 11 ni. Ìjọba á ya ojú yín, wọ́n á gba ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n á kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí, wọ́n á wá lẹ nọ́ńbà kan mọ́ gbogbo rẹ̀, kí ẹnì kan má baà di ẹni mẹ́ta. Òfin ọdún 2007 tó dá NIMC, àjọ tó ń fún èèyàn ní NIN, sílẹ̀ ló gbé e kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín ṣí abala 16 òfin náà. Ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ àlejò tó ní àṣẹ láti máa gbé ìlú wa títí lọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àjèjì tó ti bá òfin gbé níbí fún ọdún méjì náà wà níbẹ̀. Ará Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin lọ́nà Ògijo lè ní NIN lónìí, kí ìyá arúgbó tí wọ́n bí òun àti ìyá rẹ̀ sí Ọ̀dẹ Rẹ́mọ má sì ní in. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ọmọ Nàìjíríà? Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gba NIN gan-an ń béèrè orílẹ̀-èdè yín. Bó bá jẹ́ ọmọ onílẹ̀ nìkan ló ń gbà á, kí ni wọ́n ń béèrè ìyẹn fún?

Inú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 25, ni ọ̀rọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà. Ẹni tí wọ́n bá bí ní ilẹ̀ yìí lẹ́yìn òmìnira 1960, tí bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn, bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, òun náà ti jẹ́ ẹ nìyẹn. Ẹ̀rọ kankan ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Bàbá tó wá láti Kàtsínà tó. Ìyá nìkan pàápàá tó. Ìwé òfin ti yanjú ọ̀rọ̀ ọmọ yín ní ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó ṣe òfin NIMC.

Ìdí nìyẹn tí irọ́ “ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá rẹ̀” fi bí mi nínú ju 15,000 náírà lọ. Ẹ fẹ́ fi irọ́ ra ohun tó ti jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, orí ọmọ yẹn ló sì máa já lé, kì í ṣe orí ẹni tó bá a kọ ọ́. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba páspọ́ọ̀tù, tí wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí káńsù bàbá rẹ̀ wá, èwo ni yóò mú? Kò tilẹ̀ nílò irọ́ náà. Abala 41 sọ pé ọmọ Nàìjíríà lè rìn, kó sì gbé, níbikíbi ní Nàìjíríà, abala 42 sì ní wọn ò gbọdọ̀ fi ìyà ibi tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá jẹ ẹ́. Ọmọ Kàtsínà ni kó kọ, Sàgámù ló ń gbé, kó kọ ìyẹn náà.

Àwa Ìjẹ̀bú kì í ṣe ẹni mímọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ sáà mọ oríkì wa: Ìjẹ̀bú-Òde, àjèjì ò wọ̀ ọ́, bí àjèjì bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọ́n á fi ṣẹbọ lálẹ́. Àwọn baba wa ti ọ̀nà pa, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ àwọn kọjá lọ sókè láìgbàṣẹ. Wọ́n pè é ní ààbò, òwò sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn wà lára ohun tí òyìnbó torí ẹ̀ wá jà ní Ìmàgbọn lọ́dún 1892. Ó ti pẹ́ tí ẹni tó dúró lójú ọ̀nà, tó ń bi èèyàn pé “Ta ni ọ́?”, ti mọ̀ pé owó wà nínú ìbéèrè náà.

Ní ti aṣe-é-lọ́jọ́-kan yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ìyá kan wá bá mi, gààrí ló ń yan. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi lórí tábìlì: ooru agbada ti jẹ orí ìka rẹ̀, ó ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ọmọkùnrin kan tó gbé ẹ̀rọ sábẹ́ agboòrùn ló bá a so síìmù mọ́ NIN. “Màmá, kò mú o, ẹ tún tẹ̀ ẹ́.” Ó tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́fà. Ìyá rò pé ìka òun ni kò dára. Ẹ̀rọ ń mú un ní gbogbo ìgbà. Síìmù kan péré ló gbé lọ sílé, àwọn yòókù di ti ọmọkùnrin yẹn. Wọ́n fi ọ̀kan nínú wọn pe ẹbí ẹni tí wọ́n jí gbé láti béèrè owó, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá sì tọ ipasẹ̀ nọ́ńbà náà, ẹnu ọ̀nà ìyá onígààrí ni wọ́n já sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi rìn ín.

Ẹ bèèrè bóyá ó tọ́. Ìjọba lè pààlà sí òmìnira wa nítorí ààbò, abala 45 fún wọn láyè, ẹni tí wọ́n bá sì ti jí ará ilé rẹ̀ gbé lọ́nà Ọ̀rẹ̀ kò ní bá mi jiyàn lórí ìyẹn. Òfin NIMC pàápàá gbà kí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ yín wò láìbi yín tó bá kan ààbò ìlú tàbí ìwádìí ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n òfin tí ilé aṣòfin ṣe, tó sì bọ́gbọ́n mu, ni abala 45 sọ. Kò sọ pé ẹnu ẹni tó gbé ìbọn ni òfin. Òfin 2007 ka ibi tí NIN ti di dandan: báǹkì, páspọ́ọ̀tù, ilẹ̀ rírà, owó orí àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Jíjókòó sínú ọkọ̀ láti Sàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde kò sí lára wọn. Fóònù rẹ̀ ńkọ́? Abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ wa ló dáàbò bo ìyẹn.

Àmọ́ ẹ má sọ fún ọmọ yẹn pé lọ́yà ní kó máa ka abala òfin sí wọn létí lóru. Kó dákẹ́, kó dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́, kó mọ orúkọ tó wà láyà wọn àti nọ́ńbà ọkọ̀ wọn sórí. Bí wọ́n bá mú un lọ sí àgọ́, kó pè yín, kó má kọ ohunkóhun kó tó rí lọ́yà. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Ilé ẹjọ́ wà ní Sàgámù, kò tó 40 kìlómítà, nítorí náà ọjọ́ kan ṣoṣo ni òfin fún wọn kí wọ́n gbé e débẹ̀.

Kó lọ gba NIN rẹ̀, dájúdájú. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́. Kó mú ìwé ìbí lọ, kó lọ fúnra rẹ̀, kó má fi ìwé sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mi ò rí ọmọ náà, mi ò sì rí ìwé rẹ̀, ohun tí ẹ kọ ni mo dáhùn. Bó bá jẹ́ Màràdí ní ilẹ̀ Niger ni bàbá rẹ̀ ti wá, tó jẹ́ pé Kàtsínà wulẹ̀ rọrùn láti sọ, tí kò sì sí ọmọ Nàìjíríà kankan lọ́dọ̀ ìyá, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú nìyẹn. Kó rí lọ́yà lójúkojú kó tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kankan.

Bí ẹ bá sì ti jẹ́ kí aṣe-é-lọ́jọ́-kan yẹn bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó ka èyí, ẹ tètè kọ̀wé padà. Ẹ sọ iye ìgbà tó ní kí ọmọ náà tẹ ìka.